Àpò Inú Kóòtù Bọ̀dá Tàjù

Àrínọlá kì í rán àpò lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹni tó bá fẹ́ kó rán àpò sí inú kóòtù tàbí jàlàbíà fún òun, kó gbé ohun tí yóò wọ inú àpò náà wá, kó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, kí Àrínọlá fi téèpù wọ̀n ọ́n. Fóònù ni o, tẹ̀sùbáà ni o, ike oògùn ni o, ó gbọ́dọ̀ fojú rí i. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Rye Lane, ní Lọ́ńdọ̀nù, ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kó ẹrù wọn jáde. Ìdí nìyẹn tí ara fi fu ú lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé kóòtù dúdú kan wá, tó sì yọ páálí kọnfíléèsì kan tó ti fi síṣọ́ọ̀sì gé jáde.

"Kí lèyí, Bọ̀dá?"

"Bí àpò yẹn ṣe máa tóbi tó nìyẹn," ni Tàjùdéèn wí. "Ike gíláàsì mi ni mo fẹ́ máa kó sí i."

"Ẹ gbé ike ọ̀hún wá nígbà náà."

"Mo gbàgbé ẹ̀ sílé. Ṣebí o ti rí size ẹ̀? Rán an, jàre."

Àrínọlá wo gíláàsì tó wà lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọkùnrin yìí ti ń lo gíláàsì, orí tẹlifíṣàn ló ń gbé e lé bó bá fẹ́ sùn. Ẹnikẹ́ni kò rí ike lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

"Apá òsì ni kó wà," ni Tàjùdéèn tún wí. "Aṣọ tó nípọn ni kó o fi rán an, kó o ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Má fi bọ́tìnnì sí i o. Kí ọwọ́ tètè wọlé, kó sì tètè jáde."

Ta ló ń kánjú yọ gíláàsì? Ṣé ìwé ìròyìn fẹ́ sá mọ́ ọn lọ́wọ́ ni? Àrínọlá kò sọ èyí síta. Ó gba kóòtù, ó fi kọ́, ó sì ń yẹ páálí náà wò ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ọ̀bẹ ni? Páálí yìí fẹ̀ ju ọ̀bẹ lọ. Èyí tó wá sí i lọ́kàn kẹ́yìn, ó lé e jáde, ó tún padà wọlé.

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Tàjùdéèn ló mú un wá sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí kò tíì mọ ẹnì kankan níbẹ̀, òun náà ló ra ẹ̀rọ ìránṣọ tó kọ́kọ́ ní fún un. Bọ́ọ̀sì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wà, tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí Walworth Road títí tó fi fẹ̀yìn tì. Mìsítúrà ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà, òun nìkan ló kù nínú fúláàtì káńsù kan, ilé ìjọba ìbílẹ̀, lókè lọ́hùn-ún ní Peckham. Nusaybah, ọmọ Àrínọlá, ló máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un bó bá ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé, kọ́kọ́rọ́ ilé náà sì wà lọ́wọ́ ọmọ yìí. Nǹkan ń lọ déédéé títí di ọjọ́ tí àwọn ọmọkùnrin méjì kan já fóònù gbà lọ́wọ́ bàbá náà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, tí wọ́n tì í lulẹ̀, tí wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́ wọn lọ. Egbò rẹ̀ ti jiná, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò padà sípò. Bó bá wà ní mọ́ṣáláṣí, ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Bó bá wọ bọ́ọ̀sì, ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá ló ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà wà lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó padà wá wọ kóòtù náà wò, pẹ̀lú àpò tí Àrínọlá kàn fi òwú so mọ́ inú rẹ̀ ná, ó ní ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni òun ti máa wọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tó máa ń bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀ ni o! Bó ṣe jáde, ojú télọ̀ ni Àrínọlá fi wò ó. Etí kóòtù náà lápá òsì ti wálẹ̀ ju ti apá ọ̀tún lọ. Ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ na aṣọ náà kó dọ́gba, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láyà. Irin ló kàn. Tàjùdéèn fò sẹ́yìn.

"Bọ̀dá, ìbọn ni."

"Rọra sọ̀rọ̀!" Ó wo iwájú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí Priscilla, tí òun àti Àrínọlá jọ gba ṣọ́ọ̀bù náà, ti ń di irun fún oníbàárà. Rédíò Priscilla ń pariwo, kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ìbọn! Ní Peckham! Níbo lẹ ti rí i?"

"Ìyẹn ò kàn ọ́."

"Bí police bá ká a mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Wọn ò ní wo ọjọ́ orí yín."

"Ìgbà tí wọ́n tì mí lulẹ̀, mo pe police, ṣé wọ́n wá? Reference number ni wọ́n fi text ránṣẹ́ sí mi. Bí àwọn ọmọ yẹn bá tún dé, ṣé reference number ni mo máa nà sí wọn?"

"Ẹ̀rù ló ń bà yín, Bọ̀dá. Ẹ̀rù yìí ti wá ń pọ̀ jù."

"Ìwọ ńkọ́? Síṣọ́ọ̀sì ńlá tó o kì bọ abẹ́ tábìlì yẹn, aṣọ wo lo fi ń gé?"

Àrínọlá wo abẹ́ tábìlì. Inú bí i, nítorí òótọ́ ni. Síṣọ́ọ̀sì ọ̀hún kò gé aṣọ rí. Láti ìgbà tí ọkùnrin kan ti wọlé wá, tó dúró sójú kan tó ń wò ó láìsọ̀rọ̀, ni síṣọ́ọ̀sì náà ti wà níbẹ̀.

"Èmi máa ń rí ojú èèyàn kí n tó na síṣọ́ọ̀sì sí i," ni ó wí níkẹyìn. "Nusaybah ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn wọlé tọ̀ yín wá lójoojúmọ́."

"Ṣé mi ò mọ ọmọ mi ni?"

"Ẹ óò mọ̀ ọ́n bẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ wò ó. Ṣé ẹ óò wò?"

Tàjùdéèn yí ojú kúrò. "Bó ò bá rán an, gbé kóòtù mi fún mi. Màá kì í bọ ìdí ṣòkòtò."

Àrínọlá ro ọ̀rọ̀ náà lọ, ó rò ó bọ̀. Bí òun bá pe ọlọ́pàá, òun ló fi ọwọ́ ara òun ti ẹni tó dà bíi bàbá fún òun sẹ́wọ̀n. Bí òun bá ní kí Nusaybah má lọ síbẹ̀ mọ́, ọmọ náà yóò béèrè ìdí, ẹnu rẹ̀ kò sì gba ọ̀rọ̀ dúró. Ta ni yóò wá máa gbé oúnjẹ fún bàbá náà? Ibi tó ti ń rò ó ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oríkèé ìka rẹ̀ ti wú, wọ́n ti le gbagidi. Nígbà ayé Mìsítúrà, òun ló ń bá a de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì láràárọ̀, Tàjùdéèn á sì máa fi ṣe àwàdà bí ẹni pé ìfẹ́ ló fà á. Látìgbà tí ìyàwó ti kú, aṣọ àbọ̀rùn ló ń wọ̀, kò sì jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọwọ́ òun kò ṣe é lò dáadáa mọ́.

"Màá rán an," ni Àrínọlá wí. "Ṣùgbọ́n màá fi ìdérí àti bọ́tìnnì sí i. Bẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nínú bọ́ọ̀sì ńkọ́, tó jábọ́? Bẹ́ ẹ bá forí kanlẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí ńkọ́, tó yọ bọ́ síwájú Lèmọ́mù?"

Èyí wọ̀ ọ́ lára, nítorí kò sí ojú tí kò fura sí, ti Lèmọ́mù pàápàá.

"Ó dáa. Fi bọ́tìnnì sí i. Ṣé ọmọdé ni mí tí mi ò lè ṣí bọ́tìnnì?"

Kò sí ohun tí Àrínọlá fẹ́ gbọ́ ju ìyẹn lọ. Nígbà tí Tàjùdéèn lọ tán, ó ṣa bọ́tìnnì tó nípọn jù nínú agolo rẹ̀, ó sì gé ihò tí bọ́tìnnì náà yóò wọ̀ kó fún. Ẹni tó bá fẹ́ yọ bọ́tìnnì yẹn gbọ́dọ̀ fi ìka méjì yí i gba ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó ṣe ń rán an ló ń bẹ Ọlọ́run. Láti ọjọ́ náà, bí Nusaybah bá ti gbé kúlà oúnjẹ jáde, ìyá rẹ̀ kì í lè gbé ojú kúrò lára fóònù títí ọmọ náà yóò fi padà dé.

Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí fóònù náà dún.

"Mummy! Uncle's having a heart attack, wallahi! Ó kàn di àyà ẹ̀ mú, ó ń fa coat ẹ̀, kò lè talk! Mo ti call 999, wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n ní kí n loosen his clothes—"

"Má fọwọ́ kan kóòtù yẹn!" Igbe tó ké mú kí kóòmù bọ́ lọ́wọ́ Priscilla. "Nusaybah, ṣé o gbọ́ mi? Má fọwọ́ kàn án! Mo ń bọ̀!"

Ó ti mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fà. Ó sá jáde láìmú agboorùn. Bí àwọn áńbúláǹsì bá ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, kóòtù ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí. Lífítì kò ṣiṣẹ́, ó fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn títí èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Nusaybah dúró lẹ́nu ọ̀nà, húùdù rẹ̀ bò ó lójú, ìrẹsì ti dà sílẹ̀ káàkiri.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Nothing, I swear down! Key yẹn stuck, mo ń yí i. Hamid, course mate mi, wà lórí phone, on speaker, ó kàn ń ṣe jokes, ó ní 'just kick the door in, fam.' Mo wọlé, Uncle ti wà on the floor!"

"Sọ̀kalẹ̀ lọ dúró de áńbúláǹsì kí wọ́n má baà ṣìnà. Lọ!"

Tàjùdéèn jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì wà nínú kóòtù, èékánná rẹ̀ kan ti ya, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó ń sunkún. Àrínọlá kò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ rí, kódà níbi ìsìnkú Mìsítúrà.

"Ohùn ọkùnrin ni mo gbọ́, Àrín. Ó ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn. Ẹnì kan wọlé, mi ò rí ojú ẹ̀. Mo ti fẹ́ yọ ọ́. Bọ́tìnnì yẹn ò gbà, mo fà á, mo fà á. Ló bá ní, 'Uncle, mo gbé rice wá.'"

Àrínọlá jókòó tì í nílẹ̀. Tàjùdéèn wò ó lójú.

"O mọ̀ọ́mọ̀ rán an bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo mọ ọwọ́ yín, Bọ̀dá."

Kò bínú. Ó gbé iwájú orí lé èjìká àbúrò rẹ̀, ó ní, "Gbé e kúrò lọ́dọ̀ mi." Àrínọlá bọ́ kóòtù náà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì ni yóò jọ gbé e lọ fún ọlọ́pàá, Tàjùdéèn ni yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé. Títí di ìgbà náà, inú ṣọ́ọ̀bù ni yóò wà. Àwọn áńbúláǹsì dé, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó dà bí ẹni pé jìnnìjìnnì lásán ló mú un, ṣùgbọ́n àwọn máa gbé e lọ sí ọsibítù kí dókítà tún wò ó. Nusaybah bá wọn lọ. Àrínọlá ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Kóòtù wà lápá rẹ̀ bí ẹni tó kàn gbé aṣọ oníbàárà.

Rye Lane kún bó ṣe máa ń kún, ṣùgbọ́n gbogbo ojú tó wà níbẹ̀ ló dà bí ẹni pé òun ni wọ́n ń wò. Ẹni tó ń ta fóònù wò ó. Ìyá kan tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ wò ó. Ọkọ̀ ọlọ́pàá kan kọjá. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ìró táyà kẹ̀kẹ́ lórí omi òjò lẹ́yìn rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Ọmọkùnrin méjì ni, wọ́n fi húùdù borí. Wọ́n dín eré kù. Bó ṣe ń yára rìn ni àwọn náà ń sún mọ́ ọn, ó sì dá a lójú pé àwọn tó ti ẹ̀gbọ́n òun lulẹ̀ nìyí.

"Aunty," ni ọ̀kan wí, ó sì fi kẹ̀kẹ́ dábùú ọ̀nà. "Your sleeve's dragging, you know."

Apá kóòtù náà ń wọ́ nínú omi. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó gbé e sókè, ó fi lé e lápá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Safe," ó wí, ìyẹn ni pé ó dàbọ̀, wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́ wọn lọ.

Àrínọlá wo ara rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú kóòtù. Bọ́tìnnì náà ti ṣí. Kò mọ ìgbà tó ṣí i. Ọmọ yẹn dúró níwájú rẹ̀, ó ń bá a gbé aṣọ, òun sì ti di irin mú. Ìka tirẹ̀ kò wú, kò sí bọ́tìnnì kan láyé yìí tó lè dá a dúró.

Ẹ̀rù bà á ju bó ṣe bà á rí lọ, ara rẹ̀ ló sì ń bẹ̀rù. Ó yọ ọwọ́, ó de bọ́tìnnì padà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà mọ́. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó kọjú sí ọ̀nà téṣàn ọlọ́pàá, ó fi ọwọ́ méjèèjì na kóòtù náà síwájú kó má baà kan òun lára, bí ẹni gbé ọmọ tó tọ̀ sára. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ bi í, kí wọ́n bi í. Ọ̀la ti jìnnà jù.