Àga Bàbá Ìyàwó

"Ẹ jẹ́ kí n jẹun ná. Àlá tí mo lá mọ́jú òní kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi ebi rọ́."

Báyìí ni Òjélàbí onífọ́tò ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Gbogbo àwa ará ilé pa iṣẹ́ tì, a yí i ká ní pálọ̀ rẹ̀ ní Ìkìrun. Ó jẹun tán, ó mumi, ó tún ní kí wọ́n bu omi sí i. Nígbà tí ara wa kò gbà á mọ́, ó wá rọ́ àlá náà. Bó ṣe rọ́ ọ fún wa ni mo ṣe ń rọ́ ọ fún yín. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, ọrùn rẹ̀ ni kó wà.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó gbé sùn. Nígbà tí Mojírádé, àkọ́bí rẹ̀, ṣe ìgbéyàwó, Òjélàbí fúnra rẹ̀ ló ya gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà. Ó ní kò sí ẹni tí òun lè gbé ọmọ òun lé lọ́wọ́ bí kò ṣe ọkọ rẹ̀ àti kámẹ́rà òun. Àwọn fọ́tò náà dára, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí fọ́tò ẹbí, àga bàbá ìyàwó ṣófo, wọ́n bá ní kí ẹ̀gbọ́n ìyá Mojí bá wọn jókòó sí i. Títí di òní, àlejò tó bá ṣí álíbọ́ọ̀mù yẹn nílé Mojí a máa rọra bi í pé, "Ó tó ìgbà wo tí bàbá yín ti kú?"

Òjélàbí a máa fi ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀fẹ̀. Kò pa Àrinọlá, àbúrò Mojí, lẹ́rìn-ín rárá. Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó tirẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, n kò tọrọ nǹkan mìíràn. Ẹ bá mi gbé kámẹ́rà sílẹ̀ lọ́la, kí ẹ jókòó sórí àga yín."

"Ta ni yóò wá ya fọ́tò?" ni Òjélàbí bi í.

Ìyàwó rẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀ pé, "Bàbá Mojí, bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

Òjélàbí ní òun máa rò ó. Ó ń rò ó lọ títí oorun fi gbé e.

Ó ní òun kàn bá ara òun ní ṣọ́ọ̀bù, òòrùn ti ta, kámẹ́rà òun sì ti dé fìlà. Fìlà òfì ni, ó gẹ̀ ẹ́ sápá ọ̀tún bí ọkọ ìyàwó.

"Ọ̀gá, ẹ kò tíì múra?" ni kámẹ́rà wí.

Kò jọ Òjélàbí lójú pé ó ń sọ̀rọ̀. Fìlà yẹn ló ń dà á láàmú, nítorí ó ti fẹ́ bo ojú kámẹ́rà. Ó ní, "Tì í sẹ́yìn díẹ̀ kí o lè ríran."

"Mo ń ríran dáadáa. Kò sí ẹni tí n kò tíì rí ní Ìkìrun yìí, àfi ẹ̀yin nìkan. Ẹ̀yìn mi lẹ máa ń dúró sí."

Òjélàbí ní ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Kí ó tó na ọwọ́ sí fìlà náà, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń gùn ti dìde, ó ń tiro lọ síwájú, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú.

Aṣọ ńlá kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà, èyí tí oníbàárà máa ń dúró níwájú rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà kun bààlúù sí i, wọ́n kun àtẹ̀gùn bààlúù náà títí kan ilẹ̀, kí ẹni tí kò kúrò ní Ìkìrun rí lè ya fọ́tò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé. Orí àtẹ̀gùn yìí ni irin náà gbé kámẹ́rà gbà, Òjélàbí sì tẹ̀lé wọn. Inú bààlúù náà pẹlẹbẹ bí abala ìwé, nítorí ẹni tó kùn ún kò kun inú rẹ̀. Gbogbo wọn fi ẹ̀gbẹ́ jókòó.

Obìnrin kan ló ń wà á. Ó le ojú koko, ó na ọrùn gàn-ùn, kò ṣẹ́jú. Òjélàbí wò ó, ó rí i pé Ìyá Sílífá ni, tó wá ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà.

"Ìyá Sílífá, ta ló bí yín nínú?"

Obìnrin náà kò yí ọrùn. Ó fi eyín dídì dáhùn pé, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n má rẹ́rìn-ín. Ẹ ò tíì ní ó tó."

"Háà! Ẹ má bínú, ìyá. Ó ti tó o. Ẹ lè rẹ́rìn-ín."

Ìyá Sílífá mí kanlẹ̀. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, gbogbo èyí tó ti há sí i nínú láti ọdún yẹn ló ń tú jáde, bààlúù sì ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀ títí ó fi gbọ̀n wọ́n sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ìgbéyàwó. Ó ní kí wọ́n bá òun kí ọkọ òun, kí wọ́n sọ fún un pé òun kò bá a yodì látọjọ́ yìí o, fọ́tò lòun ń yà lọ́wọ́.

Ọ́fíìsì ìgbéyàwó náà kò sí nílẹ̀. Ó ń léfòó lókè, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi máńgòrò kan kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sí Òṣogbo. Àkàbà ni wọ́n fi ń gùn ún. Òjélàbí ní inú òun dùn sí i, nítorí bó ṣe ga tó yẹn, kò sí ilé tó dí ìmọ́lẹ̀ lójú fèrèsé rẹ̀.

Àrinọlá àti Ọláòtán, ọkọ rẹ̀, ti jókòó síwájú akọ̀wé ìgbéyàwó, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú, tó ń fi imú sọ̀rọ̀. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé, òun náà ti fọwọ́ sí i. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Mo so yín pọ̀ ní tọkọtaya."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un ṣe," ni Òjélàbí wí. "Ọwọ́ yín bo ojú ìyàwó."

Akọ̀wé tún un ṣe. Bó ṣe ń tún un ṣe, ìwo méjì yọ lórí rẹ̀.

"Ẹ tún un ṣe, sà. Ẹ yí síbí díẹ̀, ìwo yín ń ṣíji bo ọkọ."

Ó tún un ṣe, irùngbọ̀n sì gùn lágbọ̀n rẹ̀.

"Ó ku ẹyọ kan péré, sà. Eléyìí la máa fi parí ẹ̀."

Gbogbo onífọ́tò ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ kò sì rí èyí tó jẹ́ òótọ́ rí nínú wọn. Akọ̀wé wò ó títí, ó la ẹnu, ó ní, "Mẹ̀ẹ́ẹ́!" Ó ti di òbúkọ pátápátá, tòun ti kóòtù, tòun ti táì.

Jìnnìjìnnì mú ìyá ọkọ. Ó ní, "Ṣé ìgbéyàwó yìí ṣì dúró báyìí?"

Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi í lọ́kàn balẹ̀, ó ní, "Ó dúró gbọn-in, mà. Kó tó di òbúkọ ló ti fọwọ́ sí i."

Ni gbogbo wọn bá pàtẹ́wọ́.

"Ó yá, ẹbí ìyàwó!" Bí Òjélàbí ṣe pariwo báyìí, ògiri ọ́fíìsì náà ká kúrò bí ẹní, ni wọ́n bá bá ara wọn níwájú ilé rẹ̀. Wọ́n ti to àga. Ìyá Mojí ti jókòó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jókòó, àwọn ọmọdé ti wà nílẹ̀. Àga kan ló ṣófo láàárín.

"N kò lè ṣẹ́jú," ni kámẹ́rà wí. "Wọn kò pé."

Òjélàbí fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, ó ké, "Bàbá ìyàwó dà? Bàbá ìyàwó! Ẹ yára o, òòrùn ń lọ!" Kò sí ẹni tó dáhùn. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i sí bàbá ìyàwó náà. Ó ní irú bàbá wo leléyìí, tí wọ́n ń wá a lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀?

"Ẹ má dá a lóhùn, onífọ́tò," ni Ìyá Mojí wí. "Ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Ìyá Mojí, èmi rèé!"

"Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹ ṣáà bá wa yà á."

Ó ní ibẹ̀ ni àlá náà ti kọ́kọ́ dun òun. Obìnrin tí òun ti bá gbé láti ìgbà èwe ń pe òun ní sà.

Òbúkọ wúkọ́, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó lọ jókòó sórí àga tó ṣófo náà, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Wọ́n sún fún un. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mojí tilẹ̀ wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó ní, "Ó yẹ ẹ́ ju èmi lọ." Àrinọlá bá wá kúnlẹ̀ síwájú òbúkọ kó lè gba àdúrà bàbá. Òbúkọ gbé pátákò lé e lórí.

"Mẹ̀ẹ́."

"Àmín!"

"Mẹ̀ẹ́ẹ́ẹ́."

"Àmín o! Àṣẹ!"

Òjélàbí ní ká má parọ́, òbúkọ náà mọ àdúrà í gbà.

Ó gbé ojú sẹ́yìn kámẹ́rà. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àrinọlá, omijé kan dúró sétí ojú rẹ̀, kò jábọ́. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, onífọ́tò lè wá a títí irun rẹ̀ fi máa funfun. Ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì.

"Ọ̀gá, ẹ tẹ̀ mí," ni kámẹ́rà sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Àwọn ọmọ Àrinọlá á máa wò ó. Wọn á ní, 'Ẹ wo bí ìyá wa ṣe rẹwà tó. Ẹ wo bàbá wọn, oníwo.'"

Ẹ̀rù ba Òjélàbí. Láti ìgbà tí àlá náà ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rù bà á nìyẹn, fọ́tò tó dára yẹn ló sì bà á lẹ́rù. Ó mú ìka kúrò. Ó rìn yí kámẹ́rà po, ó bọ́ síwájú rẹ̀, ó sì lọ bá òbúkọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àga mi lẹ jókòó sí."

Òbúkọ wò ó. "Mo ti bá àdúrà dé ìdajì. Níbo lẹ wà láti àárọ̀?"

"Mo ń wá ìmọ́lẹ̀ tó dáa."

"Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i, sà."

"Ẹ kú oríire. Ẹ wá máa bá a lọ níbi tí mo bá a dé. Àga yìí ń dun ìrù mi." Òbúkọ dìde, ó sì lọ ń já ewé máńgòrò jẹ.

Òjélàbí jókòó. Ìgbà yẹn ló rí i pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ya fọ́tò. Ó gbé ọwọ́ lé itan, kò dáa. Ó ká a mọ́ àyà, ó dà bí ẹni tó ń jà. Gbogbo ohun tó ti fi ń yọ ará ìlú lẹ́nu ni wọ́n ń dá padà fún un láti ọ̀tún àti òsì. "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè!" "Ó ti ga jù!" "Ẹ tújú ká, ṣé wọ́n ń lù yín ni?" Ìyá Sílífá fi bààlúù kọjá lókè, ó ké sí i pé, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní kí ẹ má rẹ́rìn-ín o! Wọ́n á gbàgbé yín síbẹ̀!"

Ẹ̀rín kò wá. Òógùn ló wá. Àrinọlá tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ bá gbé orí lé e lórúnkún, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré. Òjélàbí gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, "Ọmọ mi, ilé ọkọ á tù ọ́ lára. O ò ní ṣe àṣedànù. Ibi tí o bá yà sí, ire ni o máa bá níbẹ̀." Òbúkọ fi ewé lẹ́nu ṣe àmín. Òjélàbí gbàgbé pé kámẹ́rà wà láyé. Ni ìmọ́lẹ̀ kan bá kọ mànà, ó kún gbogbo ojú rẹ̀.

Nígbà tó lajú, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà. Ilẹ̀ ti mọ́. Àrinọlá wà ní ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, iná fóònù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni.

"Ẹ kúu jíjí, Bàbá mi. Ẹ má bínú, mo wá jí yín ni, mo wá rí i tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lójú oorun. N kò ní fọ́tò yín kankan tí mo máa gbé lọ ilé ọkọ."

Òjélàbí gba fóònù, ó wo fọ́tò náà. Ìrọ̀rí tóbi ju ẹni tó wà lórí rẹ̀ lọ, ìdajì iwájú orí rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀ gbayawu. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló gbé irú rẹ̀ wá fún un, yóò fi bú u dé ìran bàbá rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó dá a padà fún ọmọ rẹ̀.

"Má pa á rẹ́ o," ló wí. Ó dìde jókòó. "Lọ bá mi pe Sùbérù."

Sùbérù ni onífọ́tò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tirẹ̀ lódìkejì títì, tí òun àti Òjélàbí kì í sì í gbóríyìn fún ara wọn. Ẹnu ya Àrinọlá.

"Sùbérù kẹ̀? Sùbérù tí ẹ ní ó máa ń gé gèlè àwọn èèyàn dànù nínú fọ́tò?"

"Kó máa gé e," ni Òjélàbí wí, ó ti tẹ̀ ba, ó ń wá fìlà rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Fìlà tèmi kò ga."