Ọjọ́ Tí Jọmílójú Já Mi Jù Sílẹ̀

Èébì ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, kì í ṣe aago. Mo fẹ́ dìde, n kò rí ọ̀nà, nítorí Jọmílójú, ọmọ mi, ti gbé ọmú kan sẹ́nu láti ìdájí, ó sì di èkejì mú ṣinṣin bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù nínú ọkọ̀ ojú irin. Ọmọ yìí ti lé ní ọdún kan ààbọ̀. Ó ti ń sáré, ó ti ń pe gbogbo ará ilé lórúkọ, eyín ẹnu rẹ̀ sì ti tó fọ́ eegun adìyẹ. Bí mo bá yọ ọmú lẹ́nu rẹ̀ lójijì, gbogbo ilé tí a jọ ń gbé ní Pápá Àjàó ni ẹkún rẹ̀ máa jí. Ni mo bá fi ọwọ́ kan bo ẹnu, mo fi èkejì gbá ọmọ mọ́ àyà, mo sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé, òun náà ń mu ọmú rẹ̀ lọ. Mo bì sínú gọ́tà. Jọmílójú kò tu ẹnu. Ó kàn gbé ojú sókè wò mí bí ẹni tí wọ́n ń fi ariwo dí lọ́wọ́ nídìí oúnjẹ.

"Ibà ni," mo sọ fún Abọ́dúndé, ọkọ mi, tó ń wọ bàtà láti lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní rélùwéè, ní Èbúté Mẹ́ta.

"Lo òògùn ibà, Màmá Jọmí," ló wí, ó sì jáde.

Mo lo òògùn ibà. Kò tíì dé ọ̀fun tó fi padà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ti ń gbé agolo mílíìkì kiri tí mo ń tutọ́ sí. Ìgbà tí mo lọ pọn omi nídìí ẹ̀rọ ni Àǹtí Àríkẹ́, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, wo èmi, ó wo agolo.

"Màmá Jọmí, irú ibà wo ló ń jẹ́ kí èèyàn máa gbé agolo itọ́ rìn?"

"Àǹtí, ibà ni o. Kò lè jẹ́ oyún. Ẹ rí i pé mo ṣì ń fún ọmọ lọ́mú."

"Ẹ̀ẹ́n. Ṣé inú ọmú ni wọ́n ń kó oyún sí ni?"

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ni pé tíṣà ni mí. Ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Surulere ni mo ti ń kọ́ni ní ìtọ́jú ilé àti oúnjẹ sísè. Nídìí ẹ̀rọ omi yẹn gan-an ni mo ti máa ń ṣe wàásù fún àwọn ìyá ilé pé ẹni tó bá ń fọ́mọ lọ́mú kò nílò òògùn, kò nílò abẹ́rẹ́, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ti ti ilẹ̀kùn. N kò mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ Abọ́dúndé.

Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú aláboyún ní Mushin, Nọ́ọ̀sì Edith, obìnrin gíga kan tó gbé awò ojú rẹ̀ sórí góńgó imú, tẹ ikùn mi, ó ní, "Ẹ kú oríire. Oyún ni."

"Mà, ọmọ mi ṣì ń mu ọmú."

"Mo rí i," ló wí, nítorí Jọmílójú ti ká búláòsì mi sókè níwájú rẹ̀.

"Wọ́n ní wàrà aláboyún máa ń ṣe ọmọ léṣe."

"Wàrà kì í bàjẹ́ nínú ọmú. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dà lára yín, tí abẹ́ ikùn yín kò sì fún pọ̀, ẹ lè máa fún un. Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ tọ́jú ara yín. Kí ẹ tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, ẹ jẹ bisikíìtì gbígbẹ. Ẹ máa jẹun díẹ̀díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí inú yín ṣófo. Bó bá di pé omi pàápàá kò dúró nínú yín mọ́, ẹ padà wá kíákíá."

Mo dúpẹ́. Mo ra bisikíìtì, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo na ọwọ́ síbẹ̀, ọ̀rá lásán ni mo bá. Jọmílójú ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá ń fi wàrà mi sìn ín wọ inú.

Ti ilé-ìwé tún burú jù. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ se ọbẹ̀ ata, mo dúró níwájú kíláàsì, mo ní alásè gidi kì í sá fún òórùn. Àlùbọ́sà kan epo gbígbóná báyìí, èmi alásè gidi ti wà lójú fèrèsé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, Hilda, gbé àga wá fún mi tàánútàánú.

"Tíṣà, ẹ jókòó. Bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń ṣe nìyẹn kó tó bí ìbejì."

Gbogbo kíláàsì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Àmín!"

Mo fẹ́ ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Mo la ẹnu, àmọ́ ọ̀rọ̀ kọ́ ló jáde.

Ẹni tí mo bẹ̀rù jù ni ìyá Abọ́dúndé. Ó ti ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé òun ń bọ̀ wá já ọmọ lẹ́nu ọmú, nítorí ọmọ tó ti lè jágbe mọ́ ewúrẹ́ kò yẹ kó máa mu ọmú mọ́. Mo bẹ Abọ́dúndé pé kó jẹ́ kí n fúnra mi sọ fún un ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá dé, mo kúnlẹ̀ kí i, mo rẹ́rìn-ín, mo gbé itọ́ mì. Mo gbé omi wá nínú abọ́ kí ó fi fọ ọwọ́, mo gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú.

Jọmílójú rí abọ́. Ó rìn lọ síbẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú. "Wúùù! Wúùù! Yéè, Ọlọ́run mi!" Ó tutọ́ sínú omi, ó fi etí aṣọ nu ẹnu, ó mí kanlẹ̀ bí arúgbó. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó wá sọ́dọ̀ mi, ó ká búláòsì mi sókè.

Ìyá wo ọmọ. Ó wo abọ́. Ó wá wo èmi.

"Lydia, ta ló kọ́ ọmọ yìí?"

"Mà, ibà ló ń ṣe mí láti—"

"Ibà náà ti tó oṣù mélòó?"

Abọ́dúndé rántí lójijì pé òun fẹ́ lọ ra kẹrosíìnì.

Ìyá kò bú mi, ẹ̀rù ló bà á. Ó ní ọmọ òun kò gbọdọ̀ mu wàrà yẹn mọ́. Mo sọ ohun tí Nọ́ọ̀sì Edith sọ.

"Ṣé nọ́ọ̀sì yẹn ló bí Abọ́dúndé fún ọ?"

N kò jiyàn púpọ̀. Lóòótọ́, orí ọmú mi ti ń ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata rodo pa á, bí Jọmílójú bá sì ti gbé e sẹ́nu ni inú mi máa ń rú sókè. Bí ẹlòmíràn bá lè bá mi já a, kó bá mi já a. Ìyá fún omi ewúro, ó fi pa orí ọmú méjèèjì. Òórùn rẹ̀ lásán gbé mi lọ sí gọ́tà. Nígbà tí mo padà, Jọmílójú wá, ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀, omi dà lójú rẹ̀. Ó bojú wo ìyá àgbà. Ó wá fa etí ìró mi, ó fi nu ọmú mọ́ tónítóní bí ẹni tó ń nu àwo oúnjẹ, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Háà!" Ìyá ju ewé nù. "Ọmọ Abọ́dúndé ni lóòótọ́."

Láti ìgbà náà, Ìyá kò sọ pé nọ́ọ̀sì jàre, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ bóyá ó ń rù. Kò rù. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò gbé e pọ̀n kí n lè rí àyè jẹ bisikíìtì mi kí n tó dìde. Yóò fún mi ní ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀, yóò tún fún mi ní bọ̀ọ̀lì díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, èébì ń dín kù. Mo ju agolo nù. Oyún náà, tó padà di Ọlọ́runfúnmi wa, ọmọkùnrin alápá ńlá, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ aṣọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo ti ilé-ìwé dé, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ṣí búláòsì bí mo ti máa ń ṣe. Jọmílójú fà á díẹ̀. Ó yọ ẹnu, ó wo orí ọmú.

"Ó tán."

Mo fún un ní èkejì. Ó fà á.

"Ó tán." Ó fúnra rẹ̀ fa búláòsì mi wálẹ̀, ó fọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́, ó sì lọ bá ìyá àgbà níbi mọ́ín-mọ́ín.

Ohun tí mo ti ń tọrọ láti ìgbà yìí wá nìyẹn. Ijó ló yẹ kí n jó. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo dìde, mo ń tẹ̀ lé ọmọ.

"Jọmí, wá mu díẹ̀."

"Rárá."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, olówó orí mi."

"Màmá, rárá o!"

Àǹtí Àríkẹ́ tó ń ṣa ẹ̀wà fi atẹ sílẹ̀. "Màmá Jọmí, ẹ̀yin lẹ wá ń bẹ ọmọ pé kó wá mu ọmú? Ayé mà ti yí o."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló dé. Ẹkún gidi, tó ń da ikun.

"Kí ló dé?" Ìyá béèrè. "Ṣé o kò fẹ́ kó jáwọ́ ni?"

"Mo fẹ́, Mà. Àmọ́ ó kàn já mi jù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Nígbà tó mí tán, ó wá jókòó tì mí, ó fi etí ìró rẹ̀ nu imú mi bí ẹni ń nu ti ọmọdé.

"Bí bàbá rẹ̀ ṣe ṣe fún mi náà nìyẹn. Mo sunkún lẹ́yìn ilé, mo ní àlùbọ́sà ni mò ń gé."

Ó gbé Jọmílójú pọ̀n, ó gbé e jáde lọ wo àwọn tó ń kun mọ́tò ní òpópónà. Mo wọlé, mo dùbúlẹ̀ sáàárín bẹ́ẹ̀dì, mo na apá méjèèjì, kò sí ẹni tó di ọmú mi mú. Mo pinnu pé n óò sunkún díẹ̀ sí i. N kò rántí ohun tó tẹ̀ lé e, àfi pé Àǹtí Àríkẹ́ ní òun kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì ní ìrọ̀lẹ́ kí òun mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ìlọta ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sínú yàrá wa, bí mo ṣe ń hanrun.