Ìbọ̀wọ́ Inú Koríko

"Emmett, èsì mi dà?" Haggerty, ọ̀gá ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù wọn, tutọ́ tábà sílẹ̀. "Àwọn ará Texas ń retí kí n fi wáyà fèsì fún wọn. Ẹgbẹ́ kékeré ni lóòótọ́, àmọ́ wọ́n á lò ọ́ fún ọdún méjì sí i. Àwa ò lè mú ọ dúró mọ́."

"Ẹ jẹ́ ká gbá tòní tán ná, ọ̀gá."

"Pẹ̀lú orúnkún tó ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́ yẹn?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Emmett náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ lẹ́tà Lottie, ìyàwó rẹ̀, wúwo lápò rẹ̀ bí òkúta. Ọdún mẹ́tàlá ló ti ń sá tẹ̀lé béésìbọ́ọ̀lù láti ìlú dé ìlú. Lottie kọ̀wé láti Toledo pé: "Olólùfẹ́ mi, ọkọ̀ ojú irin lo gbé níyàwó, kì í ṣe èmi. Lálẹ́ Sátidé, màá se ẹran àti kábéèjì, àwo méjì ni màá gbé sórí tábìlì. Bí o bá tún gba iṣẹ́ bọ́ọ̀lù mìíràn, má wulẹ̀ wálé mọ́."

Òní ni Sátidé.

Ó tiro lọ sí ẹ̀yìn pápá. Ìbọ̀wọ́ awọ tó fi ń mú bọ́ọ̀lù wà nínú koríko níbi tó fi í sí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe nígbà tó bá kan ẹgbẹ́ wọn láti lọ fi igi gbá bọ́ọ̀lù. Kasper, ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fún ẹgbẹ́ kejì, ju tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì tọ́ka sí ìbọ̀wọ́ Emmett.

"Bàbá àgbà, ìyàwó ẹ yìí mà ti gbó o! O ò ní fẹ́ tuntun?"

"Kò kọ̀ mí sílẹ̀ rí," ni Emmett fèsì.

Nígbà tó ṣe, igi dún gbò! Kí bọ́ọ̀lù tó ga ni Emmett ti mọ ibi tó máa já sí. Ọkàn rẹ̀ sáré débẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá a lọ. Ìṣísẹ̀ kan péré ló kù tí bọ́ọ̀lù fi balẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ gbé àga fún bàbá!" ni àwọn òǹwòran ń kígbe.

Nígbà tó kan ẹgbẹ́ rẹ̀ láti gbá, ó ju ìbọ̀wọ́ sínú koríko, ó kúrò lórí pápá. Ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá tiwọn, wọ́n pàdánù, eré parí.

"Kí ni kí n wí fún wọn ní Texas?" ni Haggerty bi í.

"Ẹ sọ fún wọn pé ó ti rẹ̀ mí, ọ̀gá. Ẹ sọ pé wọ́n ń retí mi nílé."

Ó ti ń dé ẹnu géètì nígbà tí Kasper ké láti ẹ̀yìn pápá pé, "Bàbá àgbà! O gbàgbé ìyàwó ẹ sínú koríko o!"

Emmett kò bojú wẹ̀yìn. "Toledo ni ìyàwó mi wà," ló sọ jẹ́jẹ́. Ọkọ̀ ojú irin yóò gbéra láago mẹ́fà. Ó ń tiro, ó sì ń yára.