Ẹdùn Àrá Bàbá Olúdáre

Bàbá bàbá mi, Olúdáre, ni wọ́n rẹ́ jẹ. Ọdún 1976, ní oko lẹ́yìn Ìkọ̀lé. Òyìnbó olùwádìí kan ní kí ó yá òun ní ẹdùn àrá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí òun lè yà á sínú ìwé. Ọ̀sẹ̀ méjì! Òyìnbó ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ fún ilé àkójọ ohun àtijọ́ yìí, ní Johannesburg níbí, òkúta náà sì wà níwájú mi lórí tìmùtìmù funfun, nọ́ńbà lára rẹ̀ bí ẹlẹ́wọ̀n.

Fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè pé kí wọ́n dá a padà ń wò mí. Ìbéèrè keje: Ta ló ṣe é?

Mo mọ ohun tí mo fẹ́ kọ. Mo ti ń tún un sọ lọ́kàn láti ilé mi ní Hillbrow, ní gbogbo róbọ́ọ̀tì, iná ojú pópó wọn, tí takisí ti dúró. Àrá ló sán an wálẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo kọ sínú ìwé ìfẹ̀hónúhàn tí irinwó ènìyàn fọwọ́ sí. Ohun mímọ́ nìkan ni ìgbìmọ̀ wọn ń dá padà. Irinṣẹ́ lásán... irinṣẹ́ kún àpótí wọn.

Bàbá náà gbà bẹ́ẹ̀. Òjò ńlá rọ̀, ilẹ̀ mọ́, ó rí i nínú poro — kí ló tún kù? Inú àwo omi ló ń gbé e sí, lẹ́bàá àmù. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná, omi yẹn ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́. Bàbá lórí fóònù lánàá: "Fèyíkẹ́, ṣé o ti fojú kàn án? Ṣé ó ṣì tutù?" Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Kò béèrè iṣẹ́, kò béèrè ọkọ. Ṣé ó ṣì tutù.

Ó tutù, Bàbá.

Àmọ́ —

Kí ni mo wá fi ọdún mẹ́rin kọ́ nípa ohun àtijọ́ ní yunifásítì? Àáké ni. Àáké àwọn tí kò tíì mọ irin. Iyanrìn àti omi ni wọ́n fi lọ ẹnu rẹ̀ títí ó fi dán. Irú òkúta dúdú yìí kò sí ní gbogbo àyíká oko wa. Ẹnì kan là á níbi tó jìnnà, ẹlòmíràn gbé e rìn, wọ́n fi gba iṣu, àbí awọ, àbí... Ibí yìí, nítòsí ìdí rẹ̀, ó ṣẹ́ wọnú. Ẹni tó ṣe é lọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, kí àbùkù náà lè tán. Kò tán. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó rẹ̀ ẹ́.

Kì í rẹ àrá.

"Eish, àbúrò, kọ nǹkan kan síbẹ̀ jàre." Àǹtí Roseline ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun ló ń tọ́jú yàrá yìí; ará Iléṣà ni ìyá rẹ̀, Jeppestown, ní Johannesburg yìí, ni wọ́n bí i sí. "Kọ àrá. Ta ló máa lọ bi àrá?" Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọdún méjì ni mo fi ń pariwo pé wọ́n pa orúkọ wa rẹ́. Èmi ńkọ́? Òyìnbó gbà á lọ́wọ́ Bàbá. Kí òyìnbó tó dé rárá, àwa ti gbà á lọ́wọ́ ẹni tó lọ̀ ọ́... pẹ̀lú ìfẹ́, pẹ̀lú àwo omi. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ rẹ́ jẹ.

Mo kọ ọ́: Ènìyàn ló ṣe é. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo kọ sábẹ́ rẹ̀: Ọwọ́ Bàbá mi ni ẹ ti gbà á. Ẹ dá a padà.

Àǹtí Roseline kà á. Ó tún un kà.

"Ẹ dá a padà," ni mo wí.

Kò wò mí. Ó ń wá kọ́kọ́rọ́ àpótí, kí ó lè ti òkúta náà mọ́nú rẹ̀ padà.