Àmín Tó Há sí Motún Lọ́fun

"Pa ojú dé, Motún. Ẹni tó gbé mi sórí fóònù, Ọlọ́run á dá a lóhùn lónìí."

Motún pa ojú dé. Láti Òrò, níbi tó ti ń ṣe tíṣà, ló ti sáré wá sílé ní Ọ̀mù-Àrán láàárọ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ pè é tẹkúntẹkún.

"Ṣọ́ọ̀bù Aliyah aránṣọ ni mo wà," Màmá ń wí, bí ẹni ń rojọ́ fún Ọlọ́run. "Ó ní, 'Màmá, ẹ wá wo ara yín!' Mo rí ara mi nínú fídíò, tí mo ń kì ọ́, tí o kúnlẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní kó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní àjẹ́ ni mí. Wọ́n ní oríkì yẹn ni mo fi dè ọ́ tí o fi pé ogójì ọdún láìlọ́kọ."

"Ẹ má dá wọn lóhùn, Màmá. Wèrè ni wọ́n."

"Wọ́n lè má jẹ́ wèrè. Nígbà tí o kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ yìí, ṣé mo kì ọ́? Ẹ̀rù ẹnu ara mi ló ń bà mí."

Ọ̀rọ̀ náà gún Motún bí abẹ́rẹ́. Òun ló ya fídíò ìyá rẹ̀, òun ló gbé e sórí fesibúùkù. Ó ti ka gbogbo èébú náà láti ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún èèyàn ló ti wò ó. Kò fẹ́ kí òkìkí náà bọ́ lọ́wọ́ òun.

"Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé," ni Màmá wí. "Ẹni tó mọ ilé wa ló ṣe é. Baba, dójú tì í!"

Ó ń retí àmín.

"Ṣe àmín, ọmọ mi."

"Mi ò lè ṣe é, Màmá. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀."

Màmá la ojú. "O rí ohun tí wọ́n kọ?"

"Mo rí i."

"O sì fi í sílẹ̀."

Motún fa fóònù yọ, ó pa fídíò náà rẹ́ lójú ìyá rẹ̀. Màmá kò tilẹ̀ wo fóònù náà.

"O pa tìrẹ rẹ́. Àwọn tó jókòó gbọ́ èébú náà ní ṣọ́ọ̀bù Aliyah ńkọ́?"

Motún mú ìborùn, ó sọdá títì. Obìnrin mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Aliyah gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," Motún wí, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kò lè gbójú sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi kì í ṣe àjẹ́. Èmi ọmọ rẹ̀ ni mo gbé e fún wọn bú."