Omi Ta Ni?

Àyọ̀kẹ́ àbúrò mi ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tòun ti igbá lórí, ó ń lọ sí Ọjà Ọba. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo ẹ̀yìnkùlé yín. Ó ku kí ẹ ra àwọ̀n, kí ẹ máa pẹja." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò tíì rẹ́rìn-ín títí di ìsinsìnyí.

Omi tún ti dúró sí poro. Bí ebè bá ń mu omi báyìí títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀... rárá. N kò ní parí èrò yẹn. Iṣu ìyá mi ló wà níbẹ̀. "Uṣu mi" ni ó máa ń pè é, bí ẹni ń pe ọmọ. Láti Ìgèdè ni ó ti gbé èèbù rẹ̀ wá sílé ọkọ. Kò sí irú rẹ̀ lóko ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ti wádìí. Bí èyí bá rà, ó tán nìyẹn.

Sàlàkọ́ sì wà lódìkejì ààlà — Sàlàkọ́ télọ̀ — lábẹ́ páànù tuntun rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ koríko ni orí ilé náà, òjò rọra ń kán ni. Páànù kì í rọra. Ó ń da omi sọ́gbà mi bí ẹni ń da omi ìfọṣọ nù.

Mo ti lọ bá a. Kò tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ìyá Bámidélé, omi Ọlọ́run ni. Ṣé èmi ni mo ní kí òjò rọ̀? Bó bá jẹ́ ìjà lẹ fẹ́, ẹ gbójú sókè, ẹ bá sánmà jà." Àwọn oníbàárà rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo yí padà, mo bọ̀ wálé. Ta ni yóò bá Ọlọ́run du omi?

Kí n mọ òkìtì sí ààlà, kí omi padà sọ́dọ̀ rẹ̀? Ọkọ́ ń bẹ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ògiri rẹ̀ ni yóò padà sí, ògiri amọ̀ sì ni. Mọ̀dínátù ọmọ rẹ̀ ń sùn sí yàrá ẹ̀yìn yẹn... Rárá. N kò ní tìtorí iṣu wó ilé lé ọmọ lórí. Kí n gbé e lọ bá olórí àdúgbò? Yóò tún wí i níbẹ̀: omi Ọlọ́run. Àwọn àgbà yóò mi orí. Ọ̀rọ̀ tó dùn báyẹn —

Òjò tún dé. Mo sá sábẹ́ ìgbátí. Sìmíátù ìyàwó rẹ̀ ti jáde, ó ń ti àgbá sí igun ilé, ó ń ki páànù gígùn tí wọ́n ká sábẹ́ etí òrùlé, kí omi lè gba inú rẹ̀ bọ́ sínú àgbá. Bí àgbá bá kún, yóò yọ páànù gígùn náà, ìyókù á sì di tèmi. Àgbá yẹn... Kí ni ó wí fún Àyọ̀kẹ́ nígbà àkọ́rọ̀ òjò, tí odò ṣì gbẹ, tí Àyọ̀kẹ́ ti korobá bọ inú rẹ̀?

"Rọra o, Àyọ̀kẹ́. Omi wa ni."

Omi wa.

Mo tún un sọ lẹ́nu. Omi wa. Bó bá wà nínú àgbá, tiwọn ni. Bó bá dé ọgbà mi, ó di ti Ọlọ́run. Níbo ló ti pààrọ̀ ẹni tó ni ín? Páànù kan náà. Òjò kan náà. Láti sánmà dé orí páànù, mo gbà, Ọlọ́run ló ni ín. Láti orí páànù wá sílẹ̀...

Inú kò bí mi mọ́. N óo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, níṣojú àwọn tó rẹ́rìn-ín: Bàbá Mọ̀dínátù, omi inú àgbá yín, omi ta ni? Bó bá ní ti Ọlọ́run ni, gbogbo àdúgbò yóò gbé korobá wá. Sìmíátù kò sì ní jẹ́ kó wí bẹ́ẹ̀. Bó bá ní tiwọn ni, kí ó fa páànù gígùn yẹn já ẹ̀yìn ilé, kí ó darí ohun ìní rẹ̀ sójú títì.

Omi ṣì wà ní poro. Òjò kò tíì dá. Mo ń wé gèlè mi. Ẹni tó bá jẹ nínú iṣu yìí lẹ́yìn mi, kí ó mọ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà parí: Sátidé, ọjọ́ kejì oṣù Júùnù, ọdún 1934.