Ẹnìkan Péré Ló Wá Gba Orin Adélọ́lá

Ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n sin Adélọ́lá, orin mẹ́fà péré ló kù nínú ohùn rẹ̀ láyé. Òun ló dá wọn tí àwọn akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Tudun Wada nílùú Minna ń gbè, tí wọ́n ká wọn sínú sídíì. Ajíbádé ọkọ rẹ̀, díákónì ìjọ náà, ti béèrè títí, kò rí ẹlòmíì tí sídíì tirẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá kú, kò ní sí etí kankan tí yóò tún gbọ́ obìnrin náà mọ́.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Akeem lọ, agùnbánirọ̀ ọmọ Ìwó tó gba yàrá tó kọjú sí tirẹ̀ nínú àgbàlá.

"Bàbá, ọ̀nà pọ̀," ni Akeem wí. "Ẹ lè gbé e fún àwọn tó ń kó orin sí mẹ́mórì fóònù ní àdúgbò Limawa. Ẹ lè gbé e sórí ìkànnì ọ̀fẹ́. Ẹ sì lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn áàpù orin ńlá."

Ajíbádé mi orí. Ní Limawa, àárín orin ijó ni wọn yóò há Adélọ́lá sí. Ìpolówó tẹ́tẹ́ ló kún ìkànnì ọ̀fẹ́, ìyàwó díákónì kò sì ní í kọrin fún onítẹ́tẹ́. Ti áàpù ńlá, fọ́ọ̀mù rẹ̀ gùn bí ti ìfẹ̀yìntì, ojú Ajíbádé sì ti rí tó lórí ìyẹn.

Èyí tó wù ú ni ètò kan tí Akeem bá a gbé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí àwọn èèyàn fi ń gba orin láti inú ẹ̀rọ ara wọn. Bí kọ̀ǹpútà rẹ bá ti wà ní títàn, ẹni tó bá wá orin náà yóò rí i gbà, wàá sì rí orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀. Ohun tí Ajíbádé ń fẹ́ gan-an nìyẹn, kó rí ẹni tó wá.

Ẹnikẹ́ni kò wá. Oṣù mẹ́ta gbáko, kó tó mu ẹ̀kọ àárọ̀ ni yóò ti tan kọ̀ǹpútà. Bí iná bá lọ, yóò tan jẹnẹrétọ̀ fún orin tẹ́nikẹ́ni ò béèrè. Ká má parọ́, wèrè díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá a wí? Àwọn ọmọ wà lókè òkun, àga kejì inú yàrá sì ti di ibi tó ń kó aṣọ fífọ̀ sí.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, orúkọ kan yọ: Dan Minna. Ọmọ Minna! Inú Ajíbádé dùn débi pé ó dìde dúró. Ètò náà ní àyè tí wọ́n ti ń kọ̀wé síra wọn, àgbà kì í sì í rí àlejò kó má kí i. Ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́: "Ẹ kú ọ̀sán o. A dúpẹ́ tẹ́ ẹ yà sọ́dọ̀ wa. Ọmọ ta ni yín?"

Fóònù kan ké lójú fèrèsé tó kọjú sí tirẹ̀: tín-ín.

Ó tún kọ ọ́: "Ṣé ẹ mọ Adélọ́lá ni?"

Tín-ín.

Ó ṣí ilẹ̀kùn. "Haba, Akeem! Àánú mi lò ń ṣe?"

Akeem sáré jáde, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo rí bí ẹ ṣe ń wo ẹ̀rọ yẹn lójoojúmọ́ ni."

"Ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ ni mò ń wá. Mi ò wá aláàánú."

Ó pa kọ̀ǹpútà. Nígbà tí Akeem parí ìsìnlú tó wá dágbére, ẹ̀bá ẹnu ló fi dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ni àgbàlá wá dákẹ́ jù, ó sì kábàámọ̀.

Oṣù kan kọjá kó tó tan kọ̀ǹpútà, kó lè yọ ètò náà kúrò. Dan Minna ṣì wà níbẹ̀. Ó ti kọ̀wé: "Bàbá, mo ti délé o. Èmi àti ìyá mi la jọ ń gbọ́ ọ. Wọ́n ní kí n bi yín, nínú orin kẹrin, Màmá Adélọ́lá rẹ́rìn-ín díẹ̀ láàárín. Kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín?"

Ajíbádé mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ká orin náà, ó pẹ́ dé, ó ń yọ́ wọlé, bàtà rẹ̀ tuntun sì ń han gooro. Adélọ́lá rí i.

Ó tẹ̀ ẹ́: "Èmi ni."

Ó fi ránṣẹ́, ó sì na etí sí fèrèsé iwájú. Kò sí ohun tó ké níbẹ̀. Yàrá náà ti ṣófo.